Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà: Ọ̀dọ́ Daagbé àti Iṣẹ́ Tí Wọn Yóò Yàn

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba Nàìjíríà ti ibodè orí ilẹ̀ rẹ̀ pa. Ohun tí wọ́n sọ ní Àbújá ni pé ìrẹsì tí wọ́n ń fàyàwọ́ wọlé àti epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń fàyàwọ́ jáde ti pọ̀ jù. Ní Daagbé, ní kọ́múnù Ìfànyìn lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò dúró sórí rédíò. Oníbàárà tó ń ti òdìkejì wá ra gàrí kò rí ọ̀nà wá mọ́. Ẹni tó ń fi alùpùpù kó ẹrù láti Ìgòló di ẹni tó ń jókòó sábẹ́ igi. Ibodè Sẹ̀mẹ̀ ṣí padà ní oṣù kejìlá ọdún 2020, ṣùgbọ́n ti Ìdírókò, tó kọjú sí Ìgòló, tó sì jẹ́ ẹnu ọ̀nà àwọn ará Ìfànyìn gan-an, kò ṣí títí di oṣù kẹrin ọdún 2022.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mí kanlẹ̀ ni nǹkan mìíràn dé. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, lọ́jọ́ tó gorí oyè, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, lítà epo tí wọ́n ń tà ní nǹkan bíi náírà 185 ní Èkó di náírà 488. Kpayo, epo inú ìgò tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà láti Ìgòló dé Kùtọ̀nù, gbówó lórí lójú ẹsẹ̀, èrè tó wà nínú rẹ̀ sì joro. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí kò ṣe iṣẹ́ mìíràn rí láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ rí i pé gbólóhùn kan tí ẹnì kan sọ ní Àbújá ti gba oúnjẹ lẹ́nu wọn.

Mi ò sọ èyí láti fi àwọn tó ń ta kpayo ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n ṣe. Ohun tó ń dùn mí ni pé ohun tí ojú wọn rí kò ju ọ̀kan lọ. Bàbá ń tà á, ẹ̀gbọ́n ń gbé e, ọ̀rẹ́ ti fi owó rẹ̀ ra alùpùpù. Kí ni ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tún fẹ́ máa bèèrè? Àwọn àgbà sì ti wí pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n ìgbà tí nǹkan bá ti bàjẹ́ mọ́ ẹlòmíràn lọ́wọ́ la máa ń pa á fún un, bí ìtùnú. Mo fẹ́ kí a máa pa á fún ọmọ kó tó yan iṣẹ́, nígbà tí ó ṣì lè wúlò fún un, pàápàá ní ìlú bíi Daagbé níbi tí ọjà fúnra rẹ̀ lè ṣí kúrò láàárín òru kan.

Ọ̀nà kejì tí àwọn òbí mọ̀ ni ọ́fíìsì. Kàwé, gba BEPC, gba BAC, lọ sí Calavi, kí ìjọba sì gbà ọ́ síṣẹ́. Ìgbà kan wà tí ọ̀nà yìí tọ́ gbọnrangandan. Ọdún 1970 ni yunifásítì tó wà ní Abomey-Calavi bẹ̀rẹ̀, nígbà tí orílẹ̀-èdè náà ṣì ń jẹ́ Dahomey; fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, iṣẹ́ ìjọba ló ń dúró de ẹni tó bá gboyè jáde. Kò pé ogún ọdún tí owó fi tán nínú àpò ìjọba. Ní ìdajì kejì àwọn ọdún 1980, ìjọba Ààrẹ Mathieu Kérékou dáwọ́ gbígba àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde dúró. Nígbà tó fi máa di 1989, àwọn báńkì ti dẹnu kọlẹ̀, olùkọ́ ń ṣiṣẹ́ láìrí owó oṣù gbà. Àsìkò náà ni zémidjan, alùpùpù akérò tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní ọ̀kadà, gba ìgboro Kùtọ̀nù kan, tí àwọn tó ní ìwé ẹ̀rí yunifásítì sì wà lára àwọn tó ń gùn ún. Ọ̀nà ọ́fíìsì kò tíì padà fẹ̀ bó ṣe fẹ̀ nígbà yẹn. Bí a ṣe ń ròyìn rẹ̀ fún ọmọ ni kò yí padà.

Ní ọdún tí nǹkan ti ń bàjẹ́ bọ̀ yẹn gan-an, ní 1985, àlùfáà ìjọ Àgùdà kan dá nǹkan sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo. Godfrey Nzamujo lorúkọ rẹ̀, ọmọ Nàìjíríà ni, inú ẹgbẹ́ àlùfáà Dominican ló wà. Ẹni tó bá wo ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kò ní sọ pé oko ni yóò já sí: ó ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀rọ ẹlẹ́kítíróníìkì àti nípa àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò rí, ó sì ti ṣe olùkọ́ yunifásítì ní Kalifọ́níà. Àwòrán ìyàn tó ń jà nílẹ̀ Adúláwọ̀, tí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà ń gbé jáde nígbà náà, ni kò jẹ́ kó lè jókòó sójú kan mọ́. Ó padà wá sí ìwọ̀-oòrùn Adúláwọ̀, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ sì fún un ní hẹ́kítà ilẹ̀ kan ṣoṣo ní Ouando, ilẹ̀ tó ti ṣá. Òun àti àwọn ọ̀dọ́ mélòó kan tí wọ́n ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sọ ibẹ̀ ní Songhaï, orúkọ ìjọba ńlá tó wà létí odò Ọya láyé àtijọ́.

Ibẹ̀ kò jìnnà sí Daagbé. Ẹni tó bá wọ mọ́tò láti Ìgòló lọ sí Àjàṣẹ́ lè débẹ̀ kó sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun tí yóò rí níbẹ̀ ni oko tí ohunkóhun kì í ṣòfò. Ìgbẹ́ ẹran ń di gáàsì ìdáná, ohun tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ ń di ajílẹ̀, ìdin tí wọ́n ń sìn lórí pàǹtí ń di oúnjẹ ẹja, omi inú adágún ẹja ń lọ sórí ẹ̀fọ́. Wọ́n ń rọ ẹ̀rọ níbẹ̀, wọ́n ń fún èso, wọ́n ń gba àlejò sùn. Ọmọ tó lọ kọ́ bí a ṣe ń sin adìẹ yóò máa bá ọmọ tó ń kọ́ bí a ṣe ń jó irin jẹun pọ̀, nípa bẹ́ẹ̀ yóò mọ̀ pé iṣẹ́ tó wà láyé ju èyí tí wọ́n kà fún un nílé lọ. Nígbà tó yá, Songhaï ní ẹ̀ka ní Savalou àti Parakou, àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Nàìjíríà náà sì wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ Daagbé lọ dá oko. Ohun tí mo ń wò nínú ìtàn àlùfáà yìí ni pé ìmọ̀ tó ti kọ́ kò ṣòfò nígbà tó yí ọ̀nà padà. Ìmọ̀ kòkòrò tí ojú kò rí yẹn ló wà nínú gáàsì tí ìgbẹ́ ẹran ń mú jáde. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ń bẹ̀rù láti kúrò nínú iṣẹ́ tí kò bá wọn mu nítorí ọdún tí wọ́n ti lò nídìí rẹ̀, bí ẹni pé ọdún yẹn yóò di asán. Ẹni tó ta kpayo fún ọdún márùn-ún ti mọ bí a ṣe ń ṣírò náírà sí CFA lọ́kàn, ó ti mọ ọ̀nà, ó ti mọ ẹni tí a lè fi ọjà lé lọ́wọ́ àti ẹni tí a kò lè fi lé lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣòwò ẹja tàbí ti epo pupa ló nílò ìmọ̀ wọ̀nyẹn.

Ẹ sì jẹ́ kí a wo ọ̀pẹ, níwọ̀n ìgbà tí epo pupa ti dé ẹnu wa. Ilẹ̀ ọ̀pẹ ni gbogbo ẹkùn Plateau, láti Ìfànyìn dé Ṣakẹ́tẹ́ dé Pọbẹ̀. Bí a bá bi ọmọ kan léèrè pé iṣẹ́ wo ló wà nídìí ọ̀pẹ, yóò ní kíkọ ẹyìn àti fífún epo, iṣẹ́ àwọn ìyá wa. Bẹ́ẹ̀ ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ tó wà ní Pọbẹ̀ ti wà láti ọdún 1922. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pèsè irúgbìn ọ̀pẹ tí wọ́n ń pè ní tenera, èyí tí wọ́n ń rí nípa mímú dura tí èèpo èkùrọ́ rẹ̀ nípọn àti pisifera tí kò ní èèpo pọ̀. Ẹran ara ẹyìn tenera nípọn, èèpo èkùrọ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́, kì í sì í pẹ́ bí ọ̀pẹ àtijọ́ kó tó so. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń tọ́jú ọ̀gbìn rẹ̀ nínú ọ̀rá títí tí yóò fi tó gbìn sóko ti ní iṣẹ́ lọ́wọ́ láìní ju ilẹ̀ kékeré kan. Ẹlòmíràn lè máa ṣe ẹ̀rọ tí ń fọ́ èkùrọ́ tàbí kó máa tún un ṣe nígbà tó bá bàjẹ́. Ẹlòmíràn lè máa fi àdín se ọṣẹ tó ní orúkọ àti ìdì tó dára. Gàgà èkùrọ́ tí a ti fún epo inú rẹ̀ tán, oúnjẹ ẹran ni. Sódábì, ọtí líle tí wọ́n ń fi ẹmu pọn, wà níbẹ̀, ìgbálẹ̀ wà níbẹ̀. Ní Ṣakẹ́tẹ́, tí kò jìnnà rárá, ilé ẹ̀kọ́ kan wà lábẹ́ yunifásítì ìjọba fún iṣẹ́ àgbẹ̀, èyí tí olú rẹ̀ wà ní Kétu, tí wọ́n ti ń kọ́ni bí a ṣe ń tọ́jú ohun oko kó má bàa bàjẹ́ àti bí a ṣe ń sọ ọ́ di ọjà mìíràn. Mélòó nínú àwọn ọmọ wa tó ń ṣe BAC ló mọ̀ pé ó wà?

Ibodè náà kò ṣeé fojú burúkú nìkan wò. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Aṣíwájú, ọmọ Ìmẹ̀kọ, kọ ìwé kan tó jáde ní 1976 lórí apá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ àwọn aláwọ̀ funfun láti 1889 sí 1945. Ó fi hàn nínú rẹ̀ bí àwọn èèyàn wa ṣe ń ṣí kúrò lábẹ́ Faransé lọ sábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí iṣẹ́ ipá àti kíkó ọ̀dọ́ lọ sójú ogun bá ti le jù. Wọn kò gbà pé ìlà tí aláwọ̀ funfun fà ló máa sọ ibi tí wọn yóò ti jẹun. Ọmọ Daagbé tòní gbọ́ Yorùbá, ọ̀pọ̀ wọn gbọ́ Gùn, ilé ẹ̀kọ́ fún wọn ní Faransé, ọjà sì fi Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ kún un. Ní ọ́fíìsì àwọn tó ń bá oníṣòwò parí ìwé ẹrù lẹ́nu ibodè, ní ilé iṣẹ́ tó ń kó ọjà láti Kùtọ̀nù lọ sí Èkó, ẹni tó gbọ́ èdè mẹ́rin tó sì lè kọ méjì nínú wọn dáadáa kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń rí lójoojúmọ́.

Ṣé wọ́n lè kọ́ èèyàn láti máa wo ọ̀nà púpọ̀ báyìí? Ní Lomé, lórílẹ̀-èdè Tógò, àwọn olùwádìí kan, tí Francisco Campos àti Michael Frese wà lára wọn, kó àwọn oníṣòwò kéékèèké 1,500 jọ, wọ́n sì pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Wọn kò kọ́ àwọn kìíní ní nǹkan kan. Wọ́n kọ́ àwọn kejì ní ohun tí ilé ẹ̀kọ́ òwò máa ń kọ́ni: ìṣirò owó, títa ọjà, ìtọ́jú ìwé. Wọ́n kọ́ àwọn kẹta bí wọ́n ṣe lè máa wo ohun tí aládùúgbò kò tíì ṣe, bí wọ́n ṣe lè rí ewu kó tó dé, àti bí wọ́n ṣe lè gbìyànjú ohun tuntun láìdúró de ẹni tí yóò rán wọn. Nígbà tó lé ní ọdún méjì, èrè àwọn kẹta ti fi ìpín 30 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tí wọn kò kọ́ ní nǹkan. Ti àwọn kejì fi nǹkan bíi 11 jù ú, èyí kò sì tó láti fi dá wọn lójú pé kì í ṣe kòńgẹ́. Ọdún 2017 ni ìwádìí náà jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Mo ka èyí sí ìròyìn ayọ̀, nítorí pé Lomé àti Àjàṣẹ́ kò yàtọ̀ púpọ̀, àwọn oníṣòwò wọ̀nyẹn kì í sì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Wíwo ọ̀nà púpọ̀ jẹ́ ohun tí wọ́n lè kọ́ èèyàn, àgbàlagbà pàápàá.

Bí a ṣe ń gbé ìbéèrè kalẹ̀ náà wà lára rẹ̀. Paul Nutt, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, fi ọdún púpọ̀ wo bí àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ ṣe ń ṣe ìpinnu. Ó rí i pé ìpinnu tí wọ́n gbé kalẹ̀ bíi “ṣé ká ṣe é ni, àbí ká má ṣe é?” máa ń forí ṣánpọ́n ju èyí tí wọ́n ti gbé ohun méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ síwájú. Irú ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn la fi ń jíròrò iṣẹ́ ọmọ nínú ilé wa. “Ṣé o máa kọ́ aṣọ rírán ni, àbí o ò ní kọ́ ọ?” Ọmọ ní òun á kọ́ ọ, ìjíròrò parí. Ọmọbìnrin ló ń jìyà èyí jù. Aṣọ rírán tàbí irun dídì ni wọ́n máa ń gbé kalẹ̀ fún un, nígbà tí àtúnṣe fóònù àti fífi páńẹ́ẹ̀lì oòrùn sórí òrùlé wà níbẹ̀ tí ọwọ́ obìnrin ká. Lójú pópó kan náà, ẹ óò rí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ mẹ́rin tí ń wo ara wọn.

Àwọn kan yóò ní iṣẹ́ ẹni ti wà nínú àkúnlẹ̀yàn, pé kí a yé yọ ọmọ lẹ́nu. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí orí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n wo babaláwo bó ti ń ṣe. Bí ọ̀pẹ̀lẹ̀ bá ti balẹ̀, kì í dìde kúrò nídìí ẹ̀. Ó ń gbé ìbò lé oníbèéèrè lọ́wọ́, ó ń fi ọ̀rọ̀ kan sí ọ̀tún, ó ń fi òmíràn sí òsì, ó sì ń bèèrè títí. Àwọn tó gbà gbọ́ jù lọ pé orí ti yàn kò fi ìbéèrè sílẹ̀.

Ìbéèrè kò sì ní ká jókòó máa rò ó lójú kan. Hubert Ògúndé, bàbá eré ìtàgé Yorùbá, ti ṣe olùkọ́ kó tó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá ní 1941. Nígbà tó gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde fún ìjọ kan ní Èkó ní 1944, ọlọ́pàá ṣì ni. Kò kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kó tó mọ̀ bóyá èèyàn yóò wá wòran. Ó ṣe eré náà, ó rí i pé èrò ya wá, ẹ̀yìn èyí ló tó bọ́ aṣọ ọlọ́pàá. Ọmọ Daagbé kò ní ọ́fíìsì tó lè máa gba owó oṣù níbẹ̀ títí tí yóò fi dán nǹkan mìíràn wò, ṣùgbọ́n ó ní ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn. Kó fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ajórin, kó fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan wà lẹ́bàá ẹni tó ń tọ́jú ọ̀gbìn ọ̀pẹ. Ó kéré sí ọdún mẹ́ta tí yóò fi kọ́ṣẹ́ kó tó mọ̀ pé òórùn irin kò bá òun lára mu.

Kí òbí tó lọ fọwọ́ sí ìwé ìkọ́ṣẹ́, kó fi ọ̀wọ̀ bi ọ̀gá náà pé: “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, nínú àwọn ọmọ tí ẹ ti yọ̀ǹda, mélòó ló ṣì ń ṣe iṣẹ́ yìí? Níbo ni àwọn tó kù wà báyìí? Oṣù wo ni iṣẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ sí?” Kó béèrè bóyá ọ̀gá máa ń jẹ́ kí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ jókòó fún CQM, ìwé ẹ̀rí tí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ń fún ẹni tó bá yege ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́. Ọ̀gá rere kì í bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí. Kó tún wá ọmọ kan tó kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ tí kò ṣe iṣẹ́ náà mọ́, kó gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ẹni yẹn ni a kì í bi léèrè, òun ló sì mọ ohun tí ọ̀gá kò ní sọ.

Wọ́n lè fi òwe dá mi lóhùn pé ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Òótọ́ ni, ẹni tó ń lé e nìyẹn. Ọdẹ tó ṣì ń wo ipa ẹsẹ̀ nínú oko kò tíì lé nǹkan kan. Ìgbà tí ọmọ bá ti yan iṣẹ́, kó dì í mú, kó kọ́ ọ dójú àmì. Ṣùgbọ́n bí ohun tó gbára lé nígbà tó yàn án bá yí padà, bí ibodè bá tì tàbí tí owó epo bá fò, kí ó gbà láti tún un wò láìtijú.

Ohun tó tún le ju òwe lọ ni ti owó. Ilé tí kò mọ ohun tí wọn yóò jẹ lálẹ́ kò lè sọ fún ọmọ pé kó máa lọ wo ṣọ́ọ̀bù káàkiri. Ìyá tó ń yan gàrí ń fẹ́ ọwọ́ ọmọ náà lónìí. Nítorí náà, mi ò gbà pé kí a gbé gbogbo ẹrù yìí lé ọmọ àti òbí lórí. Ìlú ní láti gbà nínú rẹ̀.

Ibi tí ó sì yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ ni kọ́lẹ́ẹ̀jì, lọ́dún tí àwọn ọmọ ń múra BEPC, kí wọ́n tó yan ẹ̀ka tí wọn yóò gbà lọ sí BAC tàbí kí wọ́n tó kúrò nílé ẹ̀kọ́ pátápátá. Kí mẹ́rì Ìfànyìn àti olórí agbègbè Daagbé pe ẹnì kan láti ibùdó ọ̀pẹ ní Pọbẹ̀, ẹnì kan láti ilé ẹ̀kọ́ Ṣakẹ́tẹ́, ẹni tó kọ́ṣẹ́ ní Songhaï tó sì ti padà sí abúlé rẹ̀, obìnrin kan tó ń jó irin tàbí tó ń tún fóònù ṣe, àti ẹni tó ti ta kpayo rí tó ti wá ń ṣe nǹkan mìíràn báyìí. Kí wọ́n fi ọjọ́ kan jókòó sínú kíláàsì, kí wọ́n sọ iye tó ń wọlé fún wọn àti ohun tó ń dà wọ́n láàmú, ní Yorùbá àti ní Gùn, kí àwọn òbí náà wà níbẹ̀. Owó mọ́tò àti oúnjẹ ọ̀sán ni yóò ná kọ́múnù. A lè ṣe é kí ìdánwò ọdún tó ń bọ̀ tó dé.